Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Pákó Inú Odò àti Kámẹ́rà Ara Igi

Láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé ni àwọn òǹkàwé wa ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí ti ń kọ̀wé sí wa nípa àwọn àlejò tí wọ́n ń rí létí odò àti nínú igbó wọn, àwọn tó gbé ìgò, okùn àti kámẹ́rà dání. Ìwé mẹ́rin la yàn lóṣù yìí. Èyí tó ti ẹ̀bá Ìsánlú wá la fi ṣáájú, òun la sì fún ní àyè jù, nítorí ọ̀rọ̀ omi mímu ni, ọ̀rọ̀ omi mímu kò sì ṣe é fi falẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Òkun o, Olóòtú. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní ẹ̀bá Ìsánlú. Àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ní yunifásítì ló rán àwọn wá ri pákó funfun kan mọ́ inú odò wa. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n bu omi sínú ìgò kéékèèké, wọ́n sì lọ. Lókè odò yìí ni àwọn tó ń wa góòlù wà, omi náà sì ti ń pọ́n bí omi amọ̀ láti bí ọdún méjì. A máa ń fi álọ́ọ̀mù sí i, á sì mọ́ kedere. Ṣé omi tó bá ti mọ́ báyìí ṣe é mu? Kí sì ni pákó yẹn wà fún? (Olùkọ́ kan, ilẹ̀ Yàgbà)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n ti orí pákó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò gùn. Pákó ìwọ̀n omi ni. Àwọn nọ́ńbà ara rẹ̀ ń sọ bí omi ṣe ga tó ní mítà àti sẹ̀ǹtímítà, wọ́n sì sábà máa ń bẹ ẹnìkan ní àdúgbò pé kó máa wò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó kọ ọjọ́, aago àti gíga omi sínú ìwé. Gíga nìkan kò sọ iye omi tó ń kọjá, nítorí odò tó fẹ̀ tó sì ń rọra ṣàn lè ga tó odò tóóró tó ń sáré. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi máa ń padà wá lẹ́ẹ̀mélòó kan láàárín ọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò, tí wọ́n á na okùn láti bèbè kan dé èkejì, tí wọ́n á wọn jíjìn omi ní ibi púpọ̀ lábẹ́ okùn náà, tí wọ́n á sì ki irinṣẹ́ kékeré kan tó ní abẹ̀bẹ̀ bọ omi kí wọ́n lè mọ bí ó ṣe ń sáré tó. Fífẹ̀, jíjìn àti eré omi ni wọ́n á fi ṣírò iye omi tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí wọ́n bá ti ṣe èyí tó, tí wọ́n sì ti so gíga pọ̀ mọ́ iye, ẹnikẹ́ni tó bá ka pákó yẹn ti mọ iye omi tó ń lọ láì tún wọ odò mọ́. Ẹni tó bá wá fa pákó náà sókè ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta péré ti ba àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ láìmọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá àwọn ọmọ ilé ìwé yín sọ ọ́. Irú àkọsílẹ̀ yìí ni àwọn ẹnjiníà máa ń béèrè kí wọ́n tó lè pinnu bí dáàmù ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, irú èyí tó wà lórí odò Kámpẹ́ ní apá Ẹjíbà, tí wọ́n ṣe kí àwọn àgbẹ̀ lè fi omi rẹ̀ dáko.

Ọ̀rọ̀ mímu omi náà ló gba àròjinlẹ̀. Omi amọ̀ máa ń pọ́n nítorí erùpẹ̀ tó kúnná ju èlùbọ́ lọ, tó ń léfòó nínú rẹ̀, tó fúyẹ́ débi pé kò lè rì fúnra rẹ̀. Álọ́ọ̀mù a máa so erùpẹ̀ yìí pọ̀, á wúwo, á sì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò. Ohun tó dára ni, nítorí púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń bá amọ̀ náà rì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kò gbọ́dọ̀ sí ẹyọ kan ṣoṣo lára kòkòrò tí wọ́n ń pè ní E. coli, èyí tó ń ti inú ìgbẹ́ ènìyàn àti ti ẹran wá, nínú 100 mìlílítà omi mímu, ìyẹn omi tí kò tó ìdajì ife tíì. Omi tó mọ́ lójú bí omi òjò lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn nínú. Síse omi títí yóò fi hó yaya ló ń pa wọ́n, tàbí kílórínì tí a bù ní ìwọ̀n tó yẹ. Nítorí náà, ẹ má mu omi tí ẹ fi álọ́ọ̀mù sí láìsè é.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ wa góòlù káàkiri àgbáyé, mẹ́kúrì ni wọ́n fi ń kó ẹ̀rún góòlù jọ. Irin tó ń ṣàn bí omi ni, ó ń dán bí fàdákà, a sì máa gbá góòlù mọ́ra. Wọ́n á wá yan án lórí iná kí mẹ́kúrì bá èéfín lọ, kí góòlù ṣẹ́kù. Ẹni tó ń yan án ló ń kọ́kọ́ fa èéfín yẹn símú. Èyí tó bá dà sínú odò á rì sínú ẹrọ̀fọ̀, ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ti ń sọ ọ́ di oríṣi mìíràn tó máa ń wọ inú ẹran ara, tí kì í sì í tètè jáde. Ẹja kékeré á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹja ńlá á jẹ ọ̀pọ̀ ẹja kékeré, bẹ́ẹ̀ ni ẹja tó tóbi jù ṣe máa ń ru ẹrù májèlé tó pọ̀ jù. Ní ìlú Minamata ní Japan, níbi tí wọ́n ti da mẹ́kúrì ilé iṣẹ́ sínú òkun, ọdún 1956 ni àwọn dókítà kéde àìsàn tó ń mú àwọn tó ń jẹ ẹja ibẹ̀: ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu wọn, àwọn ológbò ìlú náà sì ti ń gbọ̀n kú ṣáájú. Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi sọ àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì ní ọdún 2013, Nàìjíríà náà sì wà nínú rẹ̀.

Òjé tún wà. Ẹ ó rántí Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí ó lé ní 400 ọmọdé ti kú, nítorí pé òkúta tó ní góòlù níbẹ̀ ní òjé nínú, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ìyẹ̀fun lọ òkúta náà láàárín ilé, eruku rẹ̀ sì ń bà sórí ohun gbogbo tí ọmọ fọwọ́ kàn. Òkúta Zamfara kì í ṣe òkúta Yàgbà, n kò sì sọ pé mẹ́kúrì tàbí òjé wà nínú odò yín. Ohun tí mò ń sọ ni pé ojú, imú àti ahọ́n kò lè dá wọn mọ̀, álọ́ọ̀mù kò ṣeé gbára lé fún wọn, síse kò sì lè lé òjé jáde nínú omi. Bí omi ṣe ń gbẹ lórí iná, òjé inú rẹ̀ kò bá a lọ, nínú omi díẹ̀ tó kù ló ń dúró sí. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ni máíkírógíráàmù 10 òjé nínú lítà omi kan, àti 6 fún mẹ́kúrì. Bí a bá pín gíráàmù kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni máíkírógíráàmù. Yàrá ìwádìí nìkan ló lè rí i.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ yẹn bá padà wá, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni wọ́n ń wá nínú omi náà? Ìgò tí wọ́n fi ń wá kòkòrò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kòkòrò kankan kò sí nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, yìnyín ni wọ́n sì ń kó o sí, kó lè tètè dé yàrá ìwádìí. Ìgò tí wọ́n fi ń wá òjé àti mẹ́kúrì yàtọ̀, ásíìdì díẹ̀ ni wọ́n máa ń kán sínú rẹ̀ kí irin má baà lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ẹni tó bu ìgò oríṣi kan ṣoṣo kò lè fi dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ìkejì, ṣé wọ́n bu omi lókè ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù pẹ̀lú ìsàlẹ̀ rẹ̀? Bí wọn kò bá bu tòkè, kò sí ohun tí wọ́n máa fi tìsàlẹ̀ wé. Ìkẹta, ọjọ́ wo ni èsì ń bọ̀ wá sí ààfin àti sí ilé ìwé yín? Èmi kò fara mọ́ ìwádìí tó ń bu omi ìlú lọ, tí kì í gbé èsì padà fún àwọn tó ń mu ún. Kí èsì tó dé, ẹ jẹ́ kí ìlú máa mu omi bohóò tàbí kànga tó jìnnà sí odò náà, kí ẹ sì dín ẹja ńlá inú rẹ̀ kù lẹ́nu àwọn ọmọ kéékèèké àti àwọn aboyún.

ÌBÉÈRÈ: Ọdẹ ni mí ní ilẹ̀ Bùnú. Mo rí àpótí kékeré kan tó ní àwọ̀ ewé, tí wọ́n fi bẹ́líìtì so mọ́ ara igi ní ìwọ̀n orúnkún, lójú ọ̀nà ẹran. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kí a já a dànù, wọ́n ní torí àtimú wa ni wọ́n ṣe so ó. Àwọn mìíràn ní ẹran ló ń kà. Báwo ni àpótí ṣe máa mọ iye ẹran inú igbó ju ọdẹ lọ? (Ọdẹ kan, Bùnú)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ewu igbó o. Ẹ má já a. Kámẹ́rà ni, bí ó ṣe ga tó níbi orúnkún yẹn kì í ṣe fún ojú ènìyàn, ẹran ni wọ́n fi ń ṣọ́. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń mọ̀ bí ohun tó lọ́wọ́ọ́wọ́ bá kọjá níwájú rẹ̀, ìgbà náà ni yóò ya àwòrán, tí yóò sì kọ ọjọ́ àti aago sí i. Lóru, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í sábà rí ló fi ń yàwòrán, kó má baà dẹ́rù ba ẹran. Bí ẹ̀yin náà bá kọjá, yóò ya yín, òótọ́ nìyẹn. Ìdí sì nìyí tó fi tọ́ kí àwọn olùwádìí lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ àti olórí ọdẹ kí wọ́n tó so nǹkan mọ́ igi yín, kí wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn á pa àwòrán ènìyàn rẹ́. Bí wọn kò bá wá, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti pè wọ́n béèrè.

Àpótí yẹn kò mọ igbó jù yín lọ. Kò lè gbọ́ òórùn ìmàdò, kò mọ ẹsẹ̀ ẹtu yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ìgalà lórí erùpẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ń ṣe tí ọdẹ kì í ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi rò ó dáadáa. Ibi tí ẹran wà ni ọdẹ ń lọ. Bí ẹran bá pọ̀ ní gbogbo ilẹ̀, ọdẹ á rí i. Bí ó bá run níbi mẹ́sàn-án, tó wá kù sí àfonífojì kan ṣoṣo, ọdẹ tó mọṣẹ́ á gba àfonífojì yẹn lọ, á sì tún rí i bíi ti àná. Lójú rẹ̀, ẹran kò dín. Àwọn olùwádìí kì í to kámẹ́rà sí ibi tí ẹran wà nìkan. Wọ́n á pín ilẹ̀ sí ojú-ojú bí ayò, wọ́n á so kámẹ́rà sí ojú kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ibi tí ọdẹ kankan kò ní í fẹ́ dé. Ibi tí kámẹ́rà kò ti rí nǹkan kan fún oṣù méjì ṣe pàtàkì fún wọn bí ibi tí ó ti rí àgbọ̀nrín. Bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí, tí wọ́n tún ṣe é ní ojú kan náà lọ́dún mẹ́ta òní, wọ́n á mọ̀ bóyá ilẹ̀ tí ẹran ń rìn ti ń sún kì.

Wọn kì í sì í ka àwòrán bí ẹni ka owó. Ẹtu kan lè kọjá nígbà 20 lóru kan, àwòrán 20 ló máa wà, ẹran kan náà sì ni. Ẹkùn ni wọ́n lè kà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àmì ara ẹkùn kan kò bá ti èkejì mu, bí ìlà ìka ọwọ́ wa ṣe yàtọ̀ síra. Fún ẹran tí àmì kò sí lára rẹ̀, wọ́n lè máa rin ojú ọ̀nà gbọọrọ kan tí wọ́n ti là sílẹ̀, wọ́n á wọn bí ẹran tí wọ́n rí ṣe jìnnà sí ojú ọ̀nà náà tó, wọ́n á sì ti inú rẹ̀ ṣírò èyí tí ojú wọn kò tó nínú igbó.

Ẹ kò béèrè nípa akika, ẹran onípẹ́ tí ń ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ẹran tí ẹ dárúkọ ló mú mi rántí rẹ̀. Ìpẹ́ tí wọ́n ń torí rẹ̀ pa á kò yàtọ̀ sí èékánná ọwọ́ yín, ohun kan náà ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé pinnu láti fòfin de òwò gbogbo oríṣi 8 rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Bí ó bá dé iwájú yín lóru, káká kó sá, ńṣe ni yóò ká jọ, ọmọdé á sì gbé e lọ. Ẹran tí ààbò rẹ̀ rí báyìí kò lè bá ìbọn àti ọjà jà. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀. Ohun mìíràn tí mo ń bẹ̀ yín ni ìwé pélébé kan: ọjọ́ tí ẹ wọ igbó, wákàtí tí ẹ lò, ohun tí ẹ rí. Ọjọ́ tí ẹ kò rí nǹkan kan, ẹ kọ ìyẹn náà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà ní Lọ́kọ́ja. Ní 2012 omi gbé ṣọ́ọ̀bù mi, ní 2022 ó tún dé. Ní ìgbà méjèèjì, ọjọ́ tí omi dé kì í ṣe ọjọ́ òjò lọ́dọ̀ wa. Àwọn kan ní àwọn ará Kamẹrúùnù ló ń tú omi lé wa lórí. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá ẹlẹ́ja, Lọ́kọ́ja)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú àdánù o. Apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ìlú yín ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Ilẹ̀ Guinea ni Odò Ọya ti ṣẹ̀, ó sì rin Mali, Niger àti etí Benin kó tó wọlé sí wa. Kamẹrúùnù ni Bẹ́núé ti ṣẹ̀. Òjò tó rọ̀ níbẹ̀ ló ń dé ẹnu ọ̀nà yín nígbà tí oòrùn ń ràn lọ́dọ̀ yín. Dáàmù Lagdo tí Kamẹrúùnù parí ní ọdún 1982 wà lórí Bẹ́núé, bí ó bá sì kún, wọ́n á ṣí i. Nàìjíríà ti pète dáàmù sí Dasin Hausa ní Adamawa tí ìbá máa gba omi yẹn dúró, wọn kò sì parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó di gbogbo ẹ̀bi ru Lagdo kò tíì wo odò kejì. Òjò ńlá rọ̀ ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ní ọdún méjèèjì, dáàmù Kainji àti Jebba lórí Odò Ọya náà sì ní omi tiwọn tí wọ́n ń tú.

Pákó ìwọ̀n wà ní Lọ́kọ́ja bíi ti odò Olùkọ́ wa lókè yìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, mítà 12.84 ni wọ́n kà lára rẹ̀. Ní 2022 ó kọjá 13. Àjọ NIHSA tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ló ń gba àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí jọ, tí ó ń fi wọ́n pọ̀ mọ́ àsọtẹ́lẹ̀ òjò tí àjọ NiMet ń ṣe àti ohun tí sátẹ́láìtì rí, tí ó sì ń gbé ìkìlọ̀ jáde lọ́dọọdún kí òjò tó wọlé dáadáa. Ẹ gba ìmọ̀ràn kan lọ́wọ́ mi. Ẹ wá ojú ibi tí omi dé lára ògiri ṣọ́ọ̀bù yín ní 2012 àti 2022, kí ẹ fi ọ̀dà fa ìlà síbẹ̀, kí ẹ kọ ọdún sí i. Bí rédíò bá ti ń sọ pé omi Lọ́kọ́ja ti kọjá mítà 11, tó sì ń gòkè lójoojúmọ́, ẹ kó ẹja yín kúrò láìdúró de aládùúgbò.

Àwọn apẹja yín mọ ohun mìíràn tí ìwé wa kò gbọ́dọ̀ fò: omi kan tún máa ń wá láti òkè Odò Ọya nígbà ọyẹ́, tí òjò ti dá tipẹ́. Omi dúdú ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò pọ́n. Òjò Guinea ni, ó ti tàn káàkiri ilẹ̀ àbàtà ńlá inú Mali fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ ni amọ̀ rẹ̀ ti rì, kó tó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ilé ìwé gíga girama ni mí ní Kàbà. Ó wù mí láti máa ṣe ìwádìí ẹyẹ àti omi, ṣùgbọ́n ilé ìwé wa kò ní irinṣẹ́. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Ọmọ Ọ̀wẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé yín. Ní ti ẹyẹ, iṣẹ́ kan ń lọ lọ́wọ́ tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ ilé ẹ̀kọ́ APLORI ní Jos wà nídìí rẹ̀. Wọ́n pín Nàìjíríà sí ojú-ojú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó kìlómítà 9 sí 9. Ẹnikẹ́ni tó mọ ẹyẹ lè lo ó kéré tán wákàtí 2 nínú ojú kan, kó máa fi fóònù kọ oríṣi ẹyẹ tó bá rí sílẹ̀. Kọ́ láti dá 20 mọ̀ ná, láti orí lékèélékèé tó ń tẹ̀lé màlúù.

Ní ti omi, wá okùn. Ní ilé wa ní Mọ̀pà, èmi àti àbúrò bàbá mi ta kókó sí okùn kan ní gbogbo ìdajì mítà, a sì so irin ìdí ìkòkò àtijọ́ kan mọ́ orí rẹ̀. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fa omi, a ó rọra sọ ọ́ sínú kànga títí a ó fi gbọ́ “pọ̀” tí irin bá kan omi. A ó fi àtàǹpàkò di ibi tí okùn ti kan etí kànga mú, a ó fà á jáde, a ó ka kókó, a ó fi rúlà wọn èyí tó ṣẹ́kù. Kókó 7 la kà ní oṣù kẹwàá. Nígbà tí oṣù kẹta fi máa parí, kókó 19 ni, irin náà sì ń gbé ẹrẹ̀ bọ̀. Ìgbà náà ni bàbá mi gbà pé kì í ṣe pé àwọn ọmọ ń fi omi ṣòfò.

Aago kan náà, etí kànga kan náà, okùn kan náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ní í ya. Bí ó bá pé oṣù mẹ́fà, fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ojú ewé yìí.